Asọ̀rọ̀mágbèsì, Kábọ́ì àti Gbájúẹ̀: Eré Orí Rédíò ní Amẹ́ríkà, 1930 sí 1961

Kókó ìjíròrò wa lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ eré kábọ́ì ni, pàápàá èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbọ́ lórí rédíò láti ọdún 1930 títí di 1961. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ kábọ́ì láti ilé sinimá tàbí láti orí tẹlifíṣàn: ọkùnrin orí ẹṣin, akẹtẹ̀ lórí, ìbọn ní ìbàdí, eruku lálá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí tẹlifíṣàn tó wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ohùn kábọ́ì ti wọ ibẹ̀. Ní 1940, nínú ilé 10 ní ilẹ̀ náà, ó lé ní 8 tí ó ní rédíò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tọmọdé tàgbà a jókòó yí àpótí náà ká, wọn a sì máa fi etí wòran.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ rédíò: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a óò fi kádìí ọ̀rọ̀ wa.

Àwọn àgbà a sì tún máa wí pé, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Inú òwe yìí ni ènìyàn méjì tí eré wọ̀nyí dá lé lórí wà. Kábọ́ì ni ó ń yọ ohun ìjà nínú àkọ̀. Gbájúẹ̀ ni ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn yọ obì nínú àpò ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ wá ìdáhùn sí ni èyí: kí ni ó dé tí ọ̀tá inú eré náà fi máa ń jẹ́ oníjìbìtì tó bẹ́ẹ̀, tí kì í fi í ṣe apànìyàn lásán? Èrò tèmi ni pé eré tí ó ń sọ ìtàn ayé àtijọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ayé àtijọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ ni ó ń jẹ́rìí sí. Bí a bá gbàgbé èyí, a ti gba ìtàn àbọ̀ nìyẹn.

Kábọ́ì gan-an

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo kábọ́ì bí ó ti rí, kí á lè mọ ibi tí eré ti yà kúrò lọ́nà. Darandaran ni kábọ́ì. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, màlúù pọ̀ bí yanrìn ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n owó kò sí. Màlúù tí a ń rà ní nǹkan bíi dọ́là 4 níbẹ̀ lè tó dọ́là 40 ní àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ojú irin tí ó so Texas mọ́ ibẹ̀. Ní 1867, oníṣòwò kan tí a ń pè ní Joseph McCoy kọ́ ọgbà màlúù sí Abilene ní ìpínlẹ̀ Kansas, lẹ́bàá ojú irin. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń da agbo màlúù rìn láti Texas lọ sí Kansas fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Owó oṣù wọn kò ju nǹkan bíi dọ́là 30 sí 40 lọ. Eruku, òjò, odò kíkún àti àìsùn òru ni iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ní 1874 Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ fún wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ó ṣe, pápá gbalasa sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọgbà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ojú irin wọ Texas. Òtútù ńlá ti 1886 sí 1887 sì pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgbà kábọ́ì tí gbogbo ayé ń fi ṣe eré kò ju nǹkan bí 20 ọdún lọ. Ọ̀kan péré nínú àwọn eré náà, Gunsmoke, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, lo ọdún 23 lórí rédíò àti tẹlifíṣàn, láti 1952 sí 1975. Ẹ ò rí i pé eré náà pẹ́ láyé ju ohun tí ó ń ṣàfarawé lọ.

Ìró ìbọn pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Òpìtàn Robert Dykstra yẹ àkọsílẹ̀ ìlú màlúù 5 ní Kansas wò láti 1870 sí 1885. Dodge City àti Abilene wà nínú wọn. Iye ìpànìyàn tí ó rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò ju 45 lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ eré kábọ́ì fún oṣù díẹ̀ ti gbọ́ ikú tí ó ju ìyẹn lọ.

Gbájúẹ̀ gan-an

Bí eré bá bù mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn, kò bù mọ́ ti gbájúẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ pápá ọlọ́ràá fún oníjìbìtì. Ní ìlú tí ìdílé ti mọ ìdílé, ẹni tí ó bá fẹ́ parọ́ yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọn yóò bi í pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ àlejò, ta ni yóò mọ orírun ta ni? Orúkọ tí o bá pe ara rẹ ni wọn yóò máa pè ọ́.

Ẹ wo Jefferson Randolph Smith, tí wọ́n sọ ní Soapy nítorí ọṣẹ tí ó ń tà. Ní Denver, a kó ọṣẹ sórí tábìlì ní ìgboro, a fi owó bébà wé díẹ̀ nínú wọn lójú gbogbo ènìyàn, a tún fi bébà lásán bò ó, a sì dà wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ra ọṣẹ lè ṣe kòńgẹ́ owó. Àwọn tí wọ́n ń ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń hó yèè pé àwọn ti rí i, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí ìròyìn wúrà gbòde ní ìhà Klondike, ó lọ tẹ̀dó sí Skagway ní Alaska, ibi tí àwọn awawúrà ń gbà kọjá. Ìtàn ìlú náà sọ pé ó ṣí ilé tẹligíráàmù níbẹ̀, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sílé, bẹ́ẹ̀ wáyà ilé náà kò dé ibì kankan. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1898, àwọn ará ìlú tí ara kan bá a jà, ó sì kú síbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé òpè nìkan ni wọ́n ń tàn. Ní 1872, Philip Arnold àti John Slack, àwọn ìbátan méjì láti Kentucky, gbé òkúta iyebíye dé San Francisco, wọ́n ní àwọn mọ ibi tí ó ti ń hù. Charles Tiffany, ògbóǹtagí oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní New York, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iye rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Oníbáńkì William Ralston àti àwọn ọlọ́rọ̀ mìíràn dáwó jọ. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, Clarence King, ni ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìparí ọdún náà, tí ó rí i pé ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti tú ilẹ̀ nìkan ni òkúta náà wà. Ṣe ni wọ́n rà á láti òkè òkun, tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni ti Clark Stanley, tí ó ń ta òróró ejò fún àrùn oríṣiríṣi. Nígbà tí ìjọba yẹ igo rẹ̀ wò lábẹ́ òfin oúnjẹ àti oògùn ti 1906, kò sí òróró ejò nínú rẹ̀. Dọ́là 20 ni owó ìtanràn rẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ ayédèrú, oògùn asán, káàdì tí a ti sàmì sí, kòtò wúrà tí kò sí wúrà: ohun tí àwọn òǹkọ̀wé eré bá nílẹ̀ nìwọ̀nyí.

Ọdún 1933

Eré ìwọ̀-oòrùn àkọ́kọ́ tí ó rinlẹ̀ lórí rédíò ni Death Valley Days, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1930, tí ó sì parí ní 1945. Obìnrin kan, Ruth Woodman, ni ó ń kọ ọ́. Ará New York ni, ṣùgbọ́n ó máa ń rìnrìn àjò lọ sí aṣálẹ̀ náà láti gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní tirẹ̀ ni The Lone Ranger. Ilé iṣẹ́ rédíò WXYZ ní ìlú Detroit ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933. George W. Trendle wà lára àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, Fran Striker sì ni òǹkọ̀wé. Ọkùnrin kan tí ó fi nǹkan bojú, tí ó ń gun ẹṣin funfun, tí ó ń fi ọta fàdákà yìnbọn tí kì í sì í yìn ín pa ènìyàn, ni akọni inú rẹ̀. Tonto, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọdún náà dáadáa. Láàárín 1930 sí 1933, nǹkan bíi báńkì 9,000 ni ó wó ní Amẹ́ríkà. Nínú òṣìṣẹ́ 4, nǹkan bí 1 ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Detroit, ìlú tí a ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wà láàárín ìyà náà gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1933, gómìnà ìpínlẹ̀ Michigan ti gbogbo báńkì ìpínlẹ̀ náà pa. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni èyí fi tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ eré Lone Ranger. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, Ààrẹ Roosevelt ti gbogbo báńkì ilẹ̀ náà pátá.

Ẹ wá fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan ní Detroit ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Owó rẹ̀ wà nínú báńkì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ó ṣí rédíò. Irú ìtàn tí eré wọ̀nyí máa ń sọ ni pé ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, dé sí ìlú kékeré kan. Ó ti gbọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojú irin ń bọ̀. Ó mú ìwé gbèsè jáde, ó ní ilẹ̀ opó kan ti di tòun. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni a óò gbọ́ pátákò ẹṣin láti ọ̀nà jíjìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àṣírí ìwé ayédèrú náà á tú, opó á gba ilẹ̀ rẹ̀, akọni náà á sì ti lọ láìgba ọpẹ́.

Ẹ ò rí i pé ọ̀tá inú ìtàn yìí kì í ṣe ará 1870. Ará 1933 ni. Àwọn olùgbọ́ mọ̀ ọ́n. Ìbọn kọ́ ni ó fi gba ilé àti oko wọn. Ìwé ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ohun tí ìgbésí ayé kò fún wọn, èyíinì ni kí àṣírí tú kí ilẹ̀ tó mọ́, ni eré fún wọn. Nítorí èyí ni mo fi wí pé ẹlẹ́rìí ìgbà tirẹ̀ ni eré jẹ́. Bí òpìtàn bá fẹ́ mọ bí ìwé ilẹ̀ ṣe rí ní Texas ní 1870, kí ó má lọ bi Lone Ranger. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń dun àwọn ènìyàn lọ́kàn ní 1933, kò sí ẹlẹ́rìí tí ó dára jù ú lọ.

Gbájúẹ̀ nínú àpótí

Ìtàn tún ní ẹ̀fẹ̀ kan níbí. Nígbà tí rédíò ń kọ́ ènìyàn láti ṣọ́ra fún oníjìbìtì, oníjìbìtì kan ti wà nínú rédíò fúnra rẹ̀. John R. Brinkley, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ní Milford ní Kansas, ń fi kóró ẹpọ̀n òbúkọ sí ara àwọn ọkùnrin, ó ní yóò dá agbára wọn padà. Ó ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀, KFKB, láti ibẹ̀ ni ó ti ń ka lẹ́tà àwọn aláìsàn tí ó ń sọ oògùn tí wọn yóò rà. Ní 1930 ìjọba gba àṣẹ rédíò rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìṣègùn Kansas sì gba àṣẹ ìṣègùn rẹ̀. Ó kọjá sí ẹnu ibodè Mexico, ó kọ́ rédíò tí ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí ó kú ní 1942, gbèsè ti jẹ ẹ́ run. Kansas kan náà ni Dodge City wà. Kò sí akọni orí ẹṣin tí ó wá mú un. Ìwé ẹjọ́ àti ìwádìí àwọn oníṣègùn ni wọ́n mú un.

Ẹ má ṣe gbàgbé pẹ̀lú pé ọjà ni ó ń sanwó eré. Àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tí wọ́n ń ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ ni wọ́n ń náwó sí i, kí àwọn ọmọdé lè bẹ ìyá wọn láti rà á. Ní 1947, ọmọ tí ó bá fi sẹ́ǹtì 15 àti ìdérí páálí oúnjẹ Kix ránṣẹ́ yóò gba òrùka Lone Ranger tí wọ́n pè ní ti bọ́ǹbù átọ́míìkì. Kí ni ó kan bọ́ǹbù átọ́míìkì pẹ̀lú ayé 1870? Kò kàn án rárá. Ayé 1947 ni ó kàn.

Ẹ̀tàn tí a jọ fọwọ́ sí

Ó yẹ kí á fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀tàn àti ẹ̀tàn. Eré fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tí òṣèré àti olùgbọ́ jọ fọwọ́ sí ni. Èèpo àgbọn tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n ń gbá mọ́ ilẹ̀, ni ó ń di pátákò ẹṣin. Kò sí olùgbọ́ tí yóò pe ẹni tí ó ń gbá a ní òpùrọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1941, Earle Graser, tí ó ń ṣe Lone Ranger, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Kí ni wọn yóò ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni àwọn ènìyàn mọ̀? Wọ́n kọ ọ́ sínú eré pé akọni náà fara gbọgbẹ́, kò lè sọ̀rọ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, èémí àti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a ń gbọ́. Tonto ni ó ń gbé eré náà ró. Nígbà tí ohùn padà, ohùn Brace Beemer ni, òun ni ó sì ṣe é títí eré náà fi parí ní 1954. Iye ìgbà tí wọ́n ṣe eré náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ní ọdún kan náà, Trendle ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Jack Wrather ní mílíọ̀nù dọ́là 3. Striker tí ó kọ ọ́ kò ní ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́.

Ní ti Tom Mix, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá, orúkọ rẹ̀ ni eré rédíò kan ń jẹ́ láti 1933, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fọhùn gẹ́gẹ́ bí i. Ó kú ní 1940. Eré náà sì ń bá a lọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀.

Dodge City orí afẹ́fẹ́

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí wọ́n ti rí ikú lójúkorojú kò fẹ́ ìtàn tí ohun gbogbo ti ń dára kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1952, ilé iṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ Gunsmoke, eré fún àgbàlagbà. Norman Macdonnell ni olùdarí, John Meston ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. William Conrad ni ó fọhùn gẹ́gẹ́ bíi Matt Dillon, ọ̀gá agbófinró Dodge City. Ohùn rẹ̀ wúwo bí ẹni tí kò sùn. Nínú eré yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ipò tirẹ̀: ìṣísẹ̀ bàtà lórí pákó, ajá tí ń gbó lókèèrè, ìlẹ̀kùn tí ń dún. Gbájúẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Nígbà mìíràn ebi ni ó sọ ọ́ di gbájúẹ̀. Nígbà mìíràn ẹni tí ó tàn jẹ burú jù ú lọ. Nígbà mìíràn Dillon kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ní NBC, láti 1953 sí 1954, James Stewart ṣe The Six Shooter, níbi tí akọni ti ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ parí ohun tí àwọn mìíràn ń fi ìbọn parí.

Èyí tún fi ìdí ọ̀rọ̀ wa múlẹ̀. Láàárín 1933 sí 1952, ayé 1870 kò yí padà. Òkú kì í pààrọ̀ ìwà. Àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ ni wọ́n yí padà.

Nígbà tí Gunsmoke bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní 1955, wọn kò mú Conrad. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ti akọni, ṣùgbọ́n ó sanra ju akọni tí àwọn onítẹlifíṣàn ń wá lọ. James Arness ni wọ́n mú. Conrad bá a lọ lórí rédíò títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1961, nígbà tí eré náà kásẹ̀ nílẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ìgbà eré kábọ́ì orí rédíò kọjá.

Àwọn tí a kò gbọ́ ohùn wọn

Nísinsìnyí, a dé ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Àwọn òpìtàn kan fojú bù ú pé nínú kábọ́ì 4 tí ó da màlúù láti Texas, nǹkan bí 1 jẹ́ ènìyàn dúdú. Àwọn mìíràn ní kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé wọn kò sí. Púpọ̀ nínú wọn ni a bí sóko ẹrú, tí wọ́n sì ti mọ iṣẹ́ màlúù kí òmìnira tó dé. Nat Love, tí a bí sínú ẹrú ní Tennessee ní 1854, kọ ìwé ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1907. Àwọn ará Mexico ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà, lọ́wọ́ wọn ni àwọn yòókù ti kọ́ okùn jíjù àti gàárì.

Ẹ wo Bass Reeves. A bí i sínú ẹrú ní Arkansas ní 1838. Ní 1875 ó di agbófinró ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, níbi tí Oklahoma wà lónìí. Kò mọ̀wé kà. A máa ní kí wọ́n ka ìwé àṣẹ fún òun, a sì há a sórí. A máa pa ara dà bí alágbe tàbí bí ọ̀daràn kí ó tó mú ọ̀daràn. Ó mú ènìyàn tí ó lé ní 3,000, ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ wà nínú wọn. Ó kú ní 1910. Àwọn kan ń sọ pé òun ni Striker wò tí ó fi dá Lone Ranger. Kò sí ìwé ẹ̀rí tí ó so Striker mọ́ ọn. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n fi irọ́ mú ènìyàn wa kúrò nínú ìtàn, àwa náà kò gbọdọ̀ fi irọ́ dá a padà síbẹ̀. Ohun tí Reeves ṣe tó ìtàn fúnra rẹ̀.

Nínú àwọn eré tí òkìkí wọn kàn jù, wọn kò fi irú Reeves ṣe akọni. Ohùn àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a sì gbọ́, ẹlòmíràn ni ó yá a. Òyìnbó ni John Todd tí ó ṣe Tonto, gbólóhùn gígé ni wọ́n sì fi sí i lẹ́nu. Orúkọ náà gan-an ń jẹ́ òmùgọ̀ ní èdè Sípáníìṣì. Nínú Have Gun – Will Travel, tí ó wà lórí rédíò láti 1958 sí 1960, òyìnbó kan, Ben Wright, ni ó ń fọhùn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ ará China. Èèpo àgbọn di ẹṣin, olùgbọ́ mọ̀. Òyìnbó di ọmọ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ń gbọ́ ọ kò mọ̀. Ẹ̀tàn yìí kì í ṣe èyí tí a jọ fọwọ́ sí.

Jìbìtì tí ó tóbi jù

Ní 1868, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn Lakota tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Fort Laramie. Ìwé náà sọ pé àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Black Hills jẹ́ ti àwọn Lakota. Ní 1874 wọ́n rí wúrà níbẹ̀. Ní 1877 Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Ẹ̀tàn onígbá ọṣẹ kò tó èyí. Ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé gbígbà tí wọ́n gbà á kò bá òfin mu láìsan owó tí ó tọ́, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 100. Àwọn Lakota kọ owó náà. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti èyí, ọdún 103 ni òtítọ́ fi rìn kí ó tó dé ilé ẹjọ́.

Ní 1956, CBS gbé eré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fort Laramie. Raymond Burr ni òṣèré pàtàkì inú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin sì ni ìtàn náà dá lé. Eré tí ó dára ni, àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì ya ẹhànnà sí àwọn ọmọ onílẹ̀ bí ti àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ojú ọmọ ogun ni a fi ń wo ohun gbogbo. Ìwé ilẹ̀ opó kan ṣoṣo ni eré kábọ́ì ń jà fún ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìwé ilẹ̀ odindi orílẹ̀-èdè kan kò rí agbẹjọ́rò.

Èsì wa

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí á kó eré wọ̀nyí dànù ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn yóò gbádùn wọn, yóò sì kọ́ ọgbọ́n ohùn lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ má ṣe fi wọ́n kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìtàn 1870. Ẹ fi wọ́n kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìtàn 1933 àti 1952. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bèèrè pé: ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́? Lẹ́yìn náà: ta ni ó sanwó rẹ̀? Ní ìkẹyìn, èyí tí ó sì le jù: ta ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbí tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í ṣe fún eré kábọ́ì nìkan. A lè bi wọ́n léèrè níwájú fíìmù, níwájú ìwé ìtàn, àti níwájú ètò tẹlifíṣàn bí irú èyí tí ẹ ń wò yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ tirẹ̀ fún ọdún 31. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni láti fún un ní èsì.